Báwo ni ó ṣe ṣeé ṣe tó fún ọmọ mi láti wọ MIT, Harvard tàbí Yale? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Mojí, Ṣùúrùlérè
Ọjọ́ 7, Oṣù Kẹsàn-án, 2024

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, n kò sì mọ ibòmíràn tí mo lè gbé e lọ. Àkọ́bí mi obìnrin pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ní Oṣù Kẹfà. Nínú WAEC ọdún yìí, A1 ni ó gbà nínú iṣẹ́ méje, ó sì gba B2 nínú Gẹ̀ẹ́sì àti Bàọ́lọ́jì. Ó gba 301 nínú JAMB, Yunifásítì Èkó ni ó sì fi ṣe àkọ́kọ́. Ó ti ṣe SAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì Amẹ́ríkà, lẹ́ẹ̀kan, ó gba 780 nínú ìṣirò àti 710 nínú Gẹ̀ẹ́sì, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1490. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ó fẹ́ kọ́, ọkàn rẹ̀ sì ti lọ sí yunifásítì mẹ́ta péré ní Amẹ́ríkà: MIT, Harvard àti Yale.

Aṣọ ni mo ń tà ní Balógun, iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, a sì ní ọmọ méjì mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Bí a tilẹ̀ fi ebi pa ara wa, mílíọ̀nù mẹ́ta náírà ni a lè kó jọ lọ́dún kan. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo mú ọmọ náà lọ sí ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn ọmọ wá ilé-ẹ̀kọ́ sí òkè òkun. Ọkùnrin tí a bá níbẹ̀ tẹ àwọn èsì rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó sì yí ojú ẹ̀rọ náà sí mi kí n fi ojú ara mi rí i: wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àǹfààní rẹ̀ láti wọlé jẹ́ 80 nínú 100. Wọ́n ní kí n san 850,000 náírà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Inú ọmọ dùn títí tí a fi délé, ṣùgbọ́n oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Ṣé òótọ́ ni 80 yìí? Bí kì í bá ṣe òótọ́, èló gan-an ni?


Olùkọ́ Ìṣirò, Yábàá
Ọjọ́ 7, Oṣù Kẹsàn-án

Ìyá Mojí, ẹ kú iṣẹ́ òbí. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò fún ọdún mọ́kàndínlógún, mo sì ti kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún ọ̀pọ̀ nínú wọn tó kọ̀wé sí Amẹ́ríkà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má san owó náà. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè mú 80 jáde fún ọmọ kankan ní ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta yẹn, ì báà jẹ́ ọmọ tó gba 1600 tí í ṣe òpin SAT.

Ẹ jẹ́ kí a wo Harvard. Àwọn tó kọ̀wé láti wọlé ní ọdún 2024 yìí jẹ́ 54,008, àwọn tí wọ́n sì kọ́kọ́ fún láyè jẹ́ 1,937. Bí ẹ bá pín in, kò tó ẹni mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n dá padà ló jẹ́ pé ipò kìíní ni wọ́n ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin girama. Ti MIT tún há ju bẹ́ẹ̀ lọ fún àwa, nítorí pé nǹkan bí ẹni mẹ́wàá péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè àkọ́kọ́ níbẹ̀ ni ó wá láti ilẹ̀ òkèèrè, gbogbo ayé yòókù, láti Ṣáínà dé Íńdíà dé Kẹ́ńyà, ló sì ń du àyè kékeré yẹn.

Ojú JAMB ni àwa òbí àti olùkọ́ fi ń wo Amẹ́ríkà, ohun tó sì ń ṣì wá lọ́nà nìyẹn. Níbí, èsì ni ó ń mú ọmọ wọlé: ẹni tí àròpọ̀ rẹ̀ ga ló ń kọ́kọ́ jókòó. Lọ́hùn-ún, èsì kàn ń mú ọmọ dé ẹnu ọ̀nà ni. Láti ibẹ̀ lọ, wọn yóò ka àròkọ rẹ̀, wọn yóò ka ohun tí olùkọ́ rẹ̀ kọ, wọn yóò wo ohun tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nígbà tí kò sí ẹni tó rán an níṣẹ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi WAEC àti SAT nìkan ṣírò àǹfààní, ìdajì ìwé ni ó kà.

Ní ti 1490, mo ní láti sọ òótọ́. Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wọlé ló gba ohun tó wà láàárín 1500 sí 1580. Ọmọ yín wà ní ìsàlẹ̀ ilà náà díẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì fà á sẹ́yìn. SAT mìíràn ń bọ̀ ní ọjọ́ 5, Oṣù Kẹwàá. Ẹ jẹ́ kí ó tún un ṣe.


Ọmọ Ẹ̀bútè Mẹ́ta
Ọjọ́ 7, Oṣù Kẹsàn-án

Ẹ káalẹ́ mà, ẹ káalẹ́ ẹ̀yin Olùkọ́. Mo gbà pé irọ́ ni 80 yẹn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ yà kúrò lórí ọ̀rọ̀ 1490. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba ni mo lọ ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, 1470 ni mo gbà, mo sì wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan tó ṣòro wọ̀ ní ìlà-oòrùn àríwá Amẹ́ríkà ní ọdún 2019, wọ́n sì san gbogbo owó mi. Wọn kì í fi ọmọ Èkó wé ọmọ olówó Boston. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé, pẹ̀lú ohun tó wà nílé-ẹ̀kọ́ ọmọ yìí àti ní àdúgbò rẹ̀, ibo ni ó gbé e dé? Àwọn yunifásítì Dartmouth fúnra wọn sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí pé àwọn ọmọ kan láti ilé tí kò lówó, tí wọ́n gba 1400 ó lé díẹ̀, fi èsì wọn pa mọ́, bẹ́ẹ̀ èsì náà ì bá ti ràn wọ́n lọ́wọ́. Mà, ẹ má jẹ́ kí 1490 kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá ọmọ náà.

Ṣùgbọ́n kí n má fi apá kan pa mọ́: ilé-ẹ̀kọ́ mọ́kànlá ni mo kọ̀wé sí. Mẹ́sàn-án ló dá mi padà.


Olùkọ́ Ìṣirò, Yábàá
Ọjọ́ 8, Oṣù Kẹsàn-án

Àbúrò, o ṣeun, ọ̀rọ̀ rẹ ní ìwúwo, mo sì ti kà nípa ohun tí àwọn Dartmouth sọ. Ṣùgbọ́n rántí pé àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe ìwádìí náà lé lórí, a kò lè gbé e ka orí ọmọ Nàìjíríà tààrà. Nǹkan sì ti yí padà lẹ́yìn ọdún 2019. Nígbà àrùn kòrónà, ọ̀pọ̀ yunifásítì ní kí ẹni tó bá wù fi SAT ránṣẹ́, kí ẹni tí kò wù máa lọ, àwọn tó ń kọ̀wé sì di púpọ̀ jọjọ. MIT dá SAT padà ní ọdún 2022. Lọ́dún yìí, Dartmouth, Yale, Brown àti Harvard náà tẹ̀ lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yale gba àwọn irú ìdánwò mìíràn dípò rẹ̀. Ẹni tó bá lè fi ọgbọ̀n máàkì kún tirẹ̀ kí Oṣù Kọkànlá tó dé, kí ló dé tí kò fi ní ṣe é?


Bàbá Ìbejì, Ọ̀ṣòdì
Ọjọ́ 8, Oṣù Kẹsàn-án

Ẹ ń sọ̀rọ̀ wíwọlé, mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ owó, nítorí pé ibẹ̀ ni bàtà ti ta wá lẹ́sẹ̀.

Ní ọdún 2022, yunifásítì kan tó lórúkọ gba ọmọ mi ọkùnrin. A jó, a yọ̀, mo pe àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni a wá ka ìwé owó dáadáa: wọ́n fún un ní ìrànwọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n 28,000 dọ́là ni ó kù tí èmi yóò máa san lọ́dọọdún. Mo gbé ìwé náà lọ́wọ́, mo ń kà á, mo tún ń kà á, bí ẹni pé òǹkà náà yóò yí padà. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbàgbé ẹ̀.” Yunifásítì Èkó ní Àkọ́kà ni ó wà báyìí, ó sì ń ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n n kò lè gbàgbé bí ó ṣe sọ ọ́.

Ìyá Mojí, owó ọdún kan ní irú Harvard yẹn, oúnjẹ àti ilé gbígbé pẹ̀lú, ti kọjá 80,000 dọ́là. Dọ́là kan ti kọjá 1,500 náírà ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 yìí. Ó ju 120 mílíọ̀nù náírà lọ fún ọdún kan ṣoṣo. Nítorí náà, kí ẹ tó bèèrè bóyá wọn yóò gbà á, ẹ bèèrè ẹni tí yóò sanwó. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ni kì í gba ọmọ òkèèrè tó bá ń bèèrè owó ńlá, bí orí rẹ̀ tilẹ̀ pé bí ti ta ni. Àwọn yunifásítì mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní Ivy League nìkan ni kì í wo àpò òbí.


Àǹtí Olùdámọ̀ràn, Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọjọ́ 8, Oṣù Kẹsàn-án

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn òbí mẹ́ta tí èmi fúnra mi bá jókòó, ó sì dára bí ẹ ṣe sọ ọ́ síta. Ṣùgbọ́n gbólóhùn yín tó gbẹ̀yìn kò rí bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ tún un ṣe kí ẹnikẹ́ni má bàa fi kọ̀wé.

Ọmọ Amẹ́ríkà ni gbogbo àwọn mẹ́jọ náà kì í wo àpò òbí rẹ̀. Ní ti ọmọ òkèèrè, Harvard, Yale, Princeton àti Dartmouth nìkan ni, Brown sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí yóò wọlé ní ọdún 2025. Columbia, Cornell àti Penn máa ń wo owó tí ọmọ òkèèrè ń bèèrè, Stanford tí kò sí nínú àwọn mẹ́jọ náà pàápàá ń wò ó. Lẹ́yìn Ivy League, ẹ fi MIT, Amherst àti Bowdoin kún un. Ní àwọn ibi tí mo dárúkọ pé wọn kì í wo àpò wọ̀nyí, bí wọ́n bá ti gba ọmọ, wọn yóò san gbogbo ohun tí ìṣirò tiwọn bá fi hàn pé òbí kò lágbára rẹ̀. Ní Harvard ní ọdún 2024 yìí, ìdílé tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò tó 85,000 dọ́là kì í san nǹkan kan, àyàfi tí ó bá ní dúkìá rẹpẹtẹ. Ní Princeton, 100,000 dọ́là ni wọ́n fi ṣe ààlà ní ọdún 2024 yìí. Ọmọ Nàìjíríà wà nínú ètò yìí bákan náà.

Ẹ wo bí ó ṣe yí àǹfààní ọmọ po. Mojí lè rò pé òun fẹ́ fi ilé-ẹ̀kọ́ tí kò le tó Harvard ṣe ẹ̀yìn, kó sì jẹ́ pé àwọn tó “rọrùn” yẹn gan-an ni yóò dá a padà, nítorí pé mílíọ̀nù mẹ́ta náírà kò pé 2,000 dọ́là. Bí èmi bá fẹ́ wo àǹfààní ọmọ kan, ìlà tí mo kọ́kọ́ ń wò nínú fọ́ọ̀mù ni ibi tí wọ́n kọ iye tí òbí lè san sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ń wo SAT.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà kì í rò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí yóò ní kí ẹ kún fọ́ọ̀mù owó tí wọ́n ń pè ní CSS Profile, wọn yóò sì fẹ́ rí ẹ̀rí. Ti ọkọ yín rọrùn, ìwé owó oṣù ń bẹ. Tiyín ni iṣẹ́ wà níbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, èmi àti ìyá kan tó ń ta ata ní Ọjà Sandgrouse jókòó fún alẹ́ mẹ́rin, a ṣí ìwé gbèsè àti ìwé ọjà rẹ̀ ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, a yọ owó ọjà, owó ọkọ̀ àti owó ìsọ̀ kúrò, títí tí èrè oṣù kọ̀ọ̀kan fi yọ jáde. A tẹ̀ ẹ́, ó fọwọ́ sí i, a fi ìwé báńkì tì í. Ẹ bẹ̀rẹ̀ èyí nísinsìnyí, ẹ má dúró di Oṣù Kejìlá.


Ọmọ Àkọ́kà
Ọjọ́ 8, Oṣù Kẹsàn-án

Ẹ̀yin àgbà, mo tọrọ àyè. Mo ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iná ní Yunifásítì Èkó, mo sì rò pé ẹ ti ń gbàgbé 301 ọmọ yìí. Níbí, ènìyàn lè ṣírò ara rẹ̀. Máàkì JAMB ni a ó fi 8 pín: 301 di 37.625 nínú 50. Iṣẹ́ márùn-ún nínú WAEC jẹ́ 20: A1 jẹ́ 4, B2 jẹ́ 3.6. Bí a bá mú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó jẹ́ B2 pẹ̀lú A1 mẹ́rin, ìyẹn 19.6. Ìdánwò àbáwọlé jẹ́ 30. Bí ó bá gba 21 níbẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ 78.225. Yunifásítì yóò gbé iye tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fi gbani jáde. Àwọn kan yóò wọlé nípa èsì wọn nìkan láìwo ìpínlẹ̀, àwọn mìíràn yóò wọlé nítorí pé wọ́n wá láti ìpínlẹ̀ tó yí yunifásítì ká, Èkó sì wà nínú wọn. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó yẹ kó gba 850,000 lọ́wọ́ yín láti sọ èyí. Kí ó fojú sí ìdánwò àbáwọlé.


Ìyá Mojí, Ṣùúrùlérè
Ọjọ́ 9, Oṣù Kẹsàn-án

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run yóò dúró ti àwọn ọmọ tiyín náà. N kò ní san owó náà mọ́. Mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín sókè fún Mojí àti bàbá rẹ̀ lálẹ́ àná.

Olùkọ́ bèèrè ohun tí ọmọ ń ṣe nígbà tí kò sí ẹni tó rán an níṣẹ́. Mo fẹ́ dáhùn pé kò sí, nítorí pé kò gba ife-ẹ̀yẹ kankan rí, kò sì ṣe olórí akẹ́kọ̀ọ́. Bàbá rẹ̀ ló rán mi létí ìwé iná. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 ni Mojí ti ń kọ ìgbà tí wọ́n bá mú iná wá àti ìgbà tí wọ́n bá mú un lọ ní àdúgbò wa sínú ìwé: bírò pupa fún lílọ, búlúù fún bíbọ̀. Ó ti kún ìwé mẹ́ta. Bí kò bá sí nílé, àbúrò rẹ̀ ni yóò bá a kọ ọ́, bí ìyẹn bá sì gbàgbé, yóò fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, kò jẹ́ méfò. Ó ya àwòrán ilà láti inú rẹ̀. Télọ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ ilé wa máa ń wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ìgbà tó yẹ kí òun gbé aṣọ tó fẹ́ lọ̀ kalẹ̀, Mojí náà ló sì sọ fún mi pé jẹnẹrétọ̀ wa ń jẹ epo ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí pé ó ti fi wákàtí pín lítà. Mo rò pé eré ọmọdé ni. Ṣé irú èyí ṣeé kọ?

Ìbéèrè kejì: bí Àkọ́kà bá gbà á, ṣé kó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kó máa retí Amẹ́ríkà?


Ọmọ Ẹ̀bútè Mẹ́ta
Ọjọ́ 9, Oṣù Kẹsàn-án

Mà! Ìwé iná yẹn ni kó kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Ìwé mẹ́ta, ọdún méjì àbọ̀, kò sí ẹni tó fi máàkì sí i! Kó kọ ọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń bèèrè ohun tí ọmọ ń ṣe, kó sì fi ṣe àròkọ rẹ̀ ńlá, èyí tí kò gbọdọ̀ ju 650 ọ̀rọ̀ lọ. Ẹni tó bá kà á yóò rántí rẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá jókòó láti yan ọmọ.


Olùkọ́ Ìṣirò, Yábàá
Ọjọ́ 9, Oṣù Kẹsàn-án

Inú mi dùn púpọ̀ sí ìwé iná yìí, nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kìlọ̀. Àwọn tó ń ka ìwé lọ́hùn-ún ti ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ àròkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “kò sí iná ní orílẹ̀-èdè mi.” Bí Mojí bá fi ṣe ìtàn ìyà, yóò rì sínú wọn. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ni àyè òfìfo yẹn, pé kò gbà kí ẹnikẹ́ni méfò. Ọmọ tó mọ̀ pé òǹkà tí a kò rí kò ṣeé hùmọ̀, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni. Kó sọ ìyẹn, kó sọ ohun tí àwòrán ilà náà fi hàn án tí kò retí, kó sì fi Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ sọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a “tún un ṣe” títí tí ohùn rẹ̀ yóò fi sọnù.

Ẹ sì mú àwọn ìwé náà lọ bá olùkọ́ Físíìsì rẹ̀. Lẹ́tà olùkọ́ méjì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fẹ́, pẹ̀lú ti olùdámọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́, àwa olùkọ́ níbí sì máa ń ba ọmọ jẹ́ níbẹ̀ láìmọ̀. “Ọmọ dáadáa ni, ó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, ó sì ń wọ aṣọ tó mọ́.” Èmi náà kọ irú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ìgbà tí mo kọ nípa ọmọkùnrin kan tó dìde ní kíláàsì láti fi hàn mí pé ìdáhùn tí mo kọ sójú pátákó kò tọ̀nà, tó sì dúró síbẹ̀ títí mo fi gbà, ni mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lẹ́tà. N kò ní sọ pé lẹ́tà náà ló mú un wọlé, ṣùgbọ́n ó wọlé.


Alhaja Múṣin
Ọjọ́ 9, Oṣù Kẹsàn-án

Ẹgbọ́n mi ní kí ẹ kọ̀wé ṣáájú, pé àwọn tó ń gba ọ̀nà Early Decision ń wọlé ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta àwọn tó ń dúró di Oṣù Kìíní. Ẹ jẹ́ kí Mojí gba ibẹ̀.


Àǹtí Olùdámọ̀ràn, Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọjọ́ 10, Oṣù Kẹsàn-án

Alhaja, òǹkà náà rí bẹ́ẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n àwọn eléré ìdárayá tí olùkọ́ni ti yàn sílẹ̀ àti ọmọ àwọn tó ti jáde níbẹ̀ pọ̀ nínú àwọn tó ń gba ọ̀nà yẹn, àwọn ló ń gbé òǹkà sókè. Mojí kò sí nínú wọn. Early Decision tún jẹ́ ìlérí pé bí wọ́n bá gbà á, yóò lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè tú u sílẹ̀ bí owó ìrànwọ́ kò bá tó. MIT, Harvard àti Yale kò lo irú rẹ̀ rárá. Tiwọn kò de ọmọ. Ṣùgbọ́n Harvard àti Yale kò gbà kí ẹni tó kọ̀wé ṣáájú sọ́dọ̀ wọn tún kọ̀wé ṣáájú sí yunifásítì aládàáni mìíràn ní Amẹ́ríkà. Ó ní láti mú ọ̀kan. Fún ọmọ ìwé iná, MIT ni èmi yóò mú, ọjọ́ kìíní Oṣù Kọkànlá ni gbèdéke rẹ̀, fọ́ọ̀mù tiwọn ni wọ́n sì ń lò, kò sí lórí Common App, fọ́ọ̀mù tí ọ̀pọ̀ yunifásítì jọ ń lò.

Mẹ́ta kéré jù. Ẹ fi Princeton àti Dartmouth kún un, wọ́n ní ìmọ̀ ẹ̀rọ. Amherst àti Bowdoin kò ní in gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka, ṣùgbọ́n Físíìsì wọn dára. Swarthmore ní ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó sì ń san gbogbo ohun tó kù fún ọmọ òkèèrè tó bá gbà, àmọ́ ó máa ń wo owó kí ó tó gbani. Ẹ má sanwó fọ́ọ̀mù kí ẹ tó béèrè fún ìdáríjì owó náà, ọ̀pọ̀ ń fúnni.

Ní ti Àkọ́kà, ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Ọmọ tó bá ti ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ní yunifásítì kan, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan yóò kà á sí ẹni tó ń ti ibòmíràn ṣí wá, àyè àwọn wọ̀nyẹn sì kéré jọjọ. Òfin wọn yàtọ̀ síra wọn. Àwọn kan ń ka sáà tí ọmọ ti lò, àwọn mìíràn ń ka ọdún. Kó kọ lẹ́tà sí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan kí ó tó forúkọ sílẹ̀ ní Àkọ́kà, kó sì tọ́jú ìdáhùn wọn. Ṣùgbọ́n kó gba àyè Àkọ́kà bí wọ́n bá fún un, mi ò ní gbà kó sọ ọ́ nù nítorí ohun tí kò tíì dájú.

Ní ti “èló gan-an” tí ẹ bèèrè: ní MIT tàbí Harvard, ẹ kà á sí ẹyọ kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún, kí iṣẹ́ rẹ̀ sì gbé e ga ju bẹ́ẹ̀ lọ bó bá lè ṣe é. Bí ó bá kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́jọ, ẹ má kàn sọ ẹyọ kan tàbí méjì yẹn di ìlọ́po mẹ́jọ, nítorí pé ohun kan náà tí ilé-ẹ̀kọ́ kan kò fẹ́ lára ọmọ, èkejì lè má fẹ́ ẹ bákan náà. Ẹ lọ sí EducationUSA, ibi ìmọ̀ràn fún àwọn tó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, tó wà lábẹ́ ọ́fíìsì aṣojú Amẹ́ríkà ní Victoria Island. Wọ́n ní ètò Opportunity Funds tó ń ran ọmọ tó mọ̀wé tí kò lówó lọ́wọ́ lórí owó ìdánwò àti fọ́ọ̀mù. Ẹ mú WAEC, SAT àti ìwé iná lọ.


Bàbá Ìbejì, Ọ̀ṣòdì
Ọjọ́ 10, Oṣù Kẹsàn-án

Àǹtí, mo dúpẹ́ fún àtúnṣe yẹn, èmi náà ti ń sọ ọ́ káàkiri. Ó ku ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ kan: ẹ ti ń tọ́jú páásípọ̀ọ̀tì ọmọ náà, nítorí pé tiwa ni ó fẹ́ dá wa dúró ní ọjọ́ SAT. Mo sì ní àbúrò ọmọ mi kan tí ó ń bọ̀ ní ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni n ó fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.


Ìyá Mojí, Ṣùúrùlérè
Ọjọ́ 12, Oṣù Kẹsàn-án

Ẹ̀yin ará, ibi tí a bá a dé nìyí. Mojí ti forúkọ sílẹ̀ fún SAT ọjọ́ 5, páásípọ̀ọ̀tì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́. MIT ni yóò kọ̀wé sí ṣáájú. Yale, Princeton, Dartmouth, Bowdoin àti Swarthmore yóò tẹ̀ lé e kí Oṣù Kìíní tó wọlé. Òun fúnra rẹ̀ ló yọ Harvard kúrò, ó ní ó wu òun nítorí orúkọ nìkan. Mo ti ra ìwé fífẹ̀ kan, èmi àti ọmọbìnrin tó ń bá mi tajà ti ń kọ ọjà oṣù mẹ́ta tó kọjá sínú rẹ̀. Oṣù Kẹjọ kò tíì bára mu, 46,000 náírà ni ó yàtọ̀, mo sì ní kí a fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo títí tí a ó fi rí i.